Ìgbéga àti Ìwọmi Iyì Ìdíje Ìgbà Ìsinmi: Àyẹ̀wò Great Alaska Shootout, 1978 sí 2017

Àṣamọ̀

Pépà yìí yẹ ìtàn Great Alaska Shootout wò, ìyẹn ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí Yunifásítì Alaska tó wà ní Anchorage ń gbàlejò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi Ìdúpẹ́ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1978 títí di ọdún 2017. A fi í wé Dixie Classic ti ìlú Raleigh, Holiday Festival ti New York àti Maui Invitational ti Hawaii. Èrò wa ni pé kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù rọ, kì í sì í ṣe pé eré sú àwọn ará ìlú, ni iyì ìdíje náà fi wọmi. Òfin kan ló gbé e ró. Nígbà tí òfin náà yí padà, tí tẹlifíṣọ̀n àti owó sì gba ibòmíràn lọ, kò sí òpó mìíràn tí ó lè gbà á dúró. A fi ohun tí ìtàn yìí lè kọ́ àwa tí a ń tọ́ olùkọ́ ọ̀la kádìí ọ̀rọ̀ wa.

Ìfáàrà

Ní Amẹ́ríkà, sáà bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ó sì máa ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìsinmi ńlá méjì ló bọ́ sí àárín rẹ̀. Èkíní ni ìsinmi Ìdúpẹ́, tí ó máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá. Èkejì ni ti Kérésìmesì sí Ọdún Tuntun. Ní àkókò méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé, kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn ará ìlú sì ń wá ibi tí wọn yóò kó ẹbí wọn lọ ṣe fàájì. Inú àlàfo yìí ni ìdíje ìsinmi ti hù jáde. Ìlànà rẹ̀ kò le rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni yóò péjọ sí ìlú kan fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó borí yóò pàdé ẹni tó borí, ẹni tó fìdí rẹmi yóò pàdé ẹni tó fìdí rẹmi, tó fi jẹ́ pé kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní gbá eré mẹ́ta kí ó tó padà sílé.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ife ẹ̀yẹ ìsinmi tí ó lè sọ ẹgbẹ́ kan di aṣáájú ní orílẹ̀-èdè náà. Ìparí sáà ni wọ́n ń du ìyẹn. Iyì nìkan ni ìdíje ìsinmi ní tí ó fi ń pe èèyàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ìtàn bí iyì ṣe ń wá àti bí ó ṣe ń lọ ni ó ń kọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa bí a ṣe lè rò. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tí gbogbo ayé mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Muslim Teachers College ní Èkó ni nígbà èwe rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdíje eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní Sókótó, ní ìparí àwọn ọdún 1970, wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1980 ó ti wà ní Yunifásítì Houston. Ẹni tí ó bá bi wá pé kí ni ìdíje akẹ́kọ̀ọ́ wúlò fún, ìdáhùn kan nìyẹn.

Àwọn tó ṣáájú: Raleigh àti New York

Kí a tó dé Alaska, ó tọ́ kí a mọ àwọn tí ó ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ní ọdún 1949, Everett Case, akọ́nimọ̀ọ́gbá North Carolina State, dá Dixie Classic sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Reynolds Coliseum, ìlú Raleigh. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí ó jẹ́ onílé, ìyẹn North Carolina State, North Carolina, Duke àti Wake Forest, ni wọ́n ń gba àlejò mẹ́rin lẹ́yìn Kérésìmesì. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe é, àlejò kankan kò gba ife náà lọ. Ní ọdún 1958, Cincinnati tí Oscar Robertson ń gbá fún wá, Michigan State náà wá, ṣùgbọ́n North Carolina State ló borí gbogbo wọn. Ní ọdún 1961, àṣírí tú pé àwọn atatẹ́tẹ́ ti fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kan lówó kí wọ́n lè máa darí iye àmì tí ẹgbẹ́ wọn yóò fi borí tàbí tí wọn yóò fi pàdánù. William Friday, ààrẹ Yunifásítì North Carolina, sì fòpin sí ìdíje náà. Gbọ̀ngàn ṣì ń kún fọ́fọ́ nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìdíje náà kò rí ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ti New York kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1952 ni Holiday Festival bẹ̀rẹ̀ ní Madison Square Garden. Lára àwọn alẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni ti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kejìlá, ọdún 1964. Bill Bradley ti Princeton, tí ó padà di sẹ́nétọ̀ ní Amẹ́ríkà, dá àmì 41 gbá sí Michigan lápẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lé e kúrò lórí pápá nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti pé márùn-ún. Àmì 12 ni Princeton fi ń ṣáájú nígbà tí ó jáde. Michigan lé e bá, ó sì borí pẹ̀lú 80 sí 78. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò gbàgbé alẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹgbẹ́ mẹ́jọ di mẹ́rin, ọjọ́ ìdíje ń dín kù, títí tí ó fi di eré ọjọ́ kan ṣoṣo tí orúkọ àtijọ́ wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fòfin de ìdíje yìí. Ó kàn ń rù díẹ̀díẹ̀ ni. Irú ìwọmi kejì yìí, tí kì í pariwo, ni ó bá Alaska.

Òfin kan tí ó bí ìdíje

Àjọ NCAA, tí ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà, fi gbèdéke sí iye eré tí ẹgbẹ́ kan lè gbá nínú sáà kan. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ Alaska àti Hawaii sọ́tọ̀. Eré tí ẹgbẹ́ àlejò bá lọ gbá níbẹ̀ kò wọ inú òǹkà. Ọ̀rọ̀ náà yé ẹnikẹ́ni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀: àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì jìnnà sí ìyókù, owó ọkọ̀ òfuurufú kò kéré, bí àǹfààní kankan kò bá sì sí níbẹ̀, ta ni yóò rin ìrìn yẹn nítorí eré lásán?

Bob Rachal, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Alaska ní Anchorage, ló rí ohun tí a lè fi òfin yìí ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lórúkọ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní ohun tí North Carolina State tàbí Kentucky kò ní: ilẹ̀ tí eré kì í wọ inú òǹkà. Ní ọdún 1978 ó pe àwọn ẹgbẹ́ ńlá jọ fún ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Sea Wolf Classic nígbà náà. Gbọ̀ngàn inú bárékè àwọn ológun ní Fort Richardson ni wọ́n ti gbá a. North Carolina State ló gba ife. Kò pẹ́ tí orúkọ fi yí padà sí Great Alaska Shootout. Kentucky gba ife ní ọdún 1979, North Carolina gbà á ní ọdún 1980. Láàárín ọdún mẹ́ta, ìlú tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò tíì dé rí ti di ibi tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Àǹfààní tí àlejò ń rí ju eré mẹ́ta tí kò wọ inú òǹkà lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kún fún ọmọdé yóò tètè mọ ibi tí agbára wọn dé, nítorí pé alátakò gidi ni wọn yóò bá pàdé kí oṣù kejìlá tó wọlé. Ọ̀nà jíjìn náà á sì jẹ́ kí wọ́n jọ máa gbé, kí wọ́n jọ máa jẹun, kí wọ́n sì mọ ara wọn.

Ìgbà tí iyì rẹ̀ ga

Ní ọdún 1983, Sullivan Arena ṣí ní Anchorage, ó sì gba òǹwòran tó ju 8,000 lọ. Ní ìparí oṣù kọkànlá, oòrùn kì í ràn ju bíi wákàtí mẹ́fà lọ lójúmọ́ ní ìlú yẹn, òtútù sì ti dé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, inú gbọ̀ngàn ni ìlú máa ń péjọ sí. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré náà sáfẹ́fẹ́, àwọn ará ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí aago wọn fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú ti Anchorage, sì ń jókòó dòru láti wò ó.

Ní ọdún 1987, Arizona gba ife náà pẹ̀lú Sean Elliott àti Steve Kerr. Ní ìparí sáà yẹn, wọ́n wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù nínú ìdíje gbogbogbòò. Láti ọdún 1995 dé 2000, bí àwọn tó gba ife ṣe tẹ̀ léra nìyí: Duke, Kentucky, North Carolina, Cincinnati, Kansas, Syracuse. Ẹni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà kò nílò àlàyé lórí àwọn orúkọ yẹn. Àṣekágbá ọdún 1998 tilẹ̀ ju ti ìyókù lọ. Duke ni gbogbo ènìyàn gbà pé ó lágbára jù, ṣùgbọ́n nígbà tí aago fẹ́rẹ̀ẹ́ dún, Melvin Levett ti Cincinnati fò sókè, ó ki bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀, Cincinnati sì borí pẹ̀lú 77 sí 75. Eré 39 ni Duke gbá ní sáà yẹn. Méjì péré ni wọ́n pàdánù: èyí tí a sọ yìí, àti àṣekágbá orílẹ̀-èdè náà tí Connecticut ti gba ife lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí onílé alára jẹ nínú rẹ̀ ni ó jọ wá lójú jù. Ipele kejì ni ẹgbẹ́ Anchorage wà nínú ètò NCAA, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá àwọn ọ̀gá gbá a láìbẹ̀rù. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, ẹgbẹ́ yìí lọ sí ìdíje ìsinmi mìíràn ní Salt Lake City, wọ́n sì na Michigan. Michigan kan náà ni ó di aṣáájú orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹrin ọdún 1989. Ọmọ tí kò bá bá àgbà jẹun rí kò lè mọ bí a ti ń fọwọ́ bù ú. Ìdíje Alaska ni ó kọ́ àwọn ọmọ Anchorage.

Ohun tí ó fa ìwọmi

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àṣìṣe tí ó sápamọ́ sínú àṣeyọrí Alaska ni pé fún ìgbà díẹ̀, ọ̀nà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọ ọjà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ní ọdún 1984 Maui Invitational bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii. Ní ọdún 1985 ìdíje NIT ti ìbẹ̀rẹ̀ sáà bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì ń gbá a láìrìn jìnnà. Ní ọdún 2006, NCAA tún òfin náà ṣe, ó sì wá rọrùn fún ẹgbẹ́ ńlá láti máa wọ irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún láìkúrò nítòsí ilé. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀bùn Alaska fún àlejò ti di ohun tí wọ́n ń rí níbi gbogbo.

Òpó kejì ni tẹlifíṣọ̀n. ESPN tí ó ń gbé ìdíje ẹlòmíràn sáfẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá tirẹ̀ sílẹ̀: ní Orlando ní ọdún 2006, ní Charleston ní ọdún 2008, ní Honolulu ní àkókò Kérésìmesì ọdún 2009. Ẹni tí ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀ wá tẹ́ àtẹ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Nígbà tí ó yá, ESPN fi Alaska sílẹ̀. Ní ọdún 2011, ìdíje mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Bahamas, nínú ilé-ìtura ńlá létí òkun. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ yàn láàárín etíkun tó móoru àti yìnyín Anchorage, a mọ ohun tí wọn yóò yàn.

Òpó kẹta ni owó ìjọba, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ní ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà. Owó epo rọ̀bì ni ìpínlẹ̀ Alaska gbójú lé. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láti ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dín owó yunifásítì kù. Ọdún 2014 yìí gan-an ni ìdíje náà kó kúrò ní Sullivan Arena lọ sí gbọ̀ngàn tuntun inú ọgbà yunifásítì, tí ó gba òǹwòran bíi 5,000. Gbọ̀ngàn náà dára, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ ńlá kò wá síbẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, yunifásítì kéde pé ti ọdún yẹn ni yóò jẹ́ ìkẹyìn fún àwọn ọkùnrin. Central Michigan gba ife ìkẹyìn ní oṣù kọkànlá. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ ni, a kò bù ú kù. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Duke, Kentucky àti Kansas, òǹkàwé yóò rí bí omi ti fà tó. Ìdíje àwọn obìnrin ni ó ń jẹ́ orúkọ náà lọ.

Maui: ipa kan náà

Ìtàn Maui jẹ́ kí a mọ̀ pé ohun tó bá Alaska kì í ṣe ti Alaska nìkan. Ní oṣù kejìlá ọdún 1982, Virginia, tí ó wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, lọ sí Tokyo, wọ́n sì na Houston tí Olajuwon ń gbá fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ralph Sampson, òmìrán ẹgbẹ́ wọn, kò gbá eré náà nítorí àìsàn. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Honolulu láti bá Chaminade gbá a. Chaminade jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún kan. Sampson gbá ti ibẹ̀, síbẹ̀ Chaminade borí pẹ̀lú 77 sí 72. Òkìkí eré yẹn ni Maui Invitational gùn lé ní ọdún 1984, Chaminade sì di onílé rẹ̀. Gbọ̀ngàn Lahaina tí wọ́n ti ń gbá a kò gba ju bíi 2,400 lọ. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń du ààyè láti wọ inú rẹ̀.

Láti ọdún 2018, ọdún kan ni Chaminade ń gbá nínú rẹ̀, ọdún kejì wọn a yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ààyè lè gba ẹgbẹ́ ńlá. Onílé dìde lórí àga kí àlejò lè jókòó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, iná jó ìlú Lahaina, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kú, wọ́n sì gbé ìdíje ọdún yẹn lọ sí Honolulu. Ó padà sílé ní ọdún 2024. Oṣù kan náà tí ó padà ni Players Era bẹ̀rẹ̀ ní Las Vegas. Láti ọdún 2021 ni NCAA ti gbà kí agbábọ́ọ̀lù máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀, Players Era sì ṣèlérí ó kéré tán mílíọ̀nù kan dọ́là fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá wá. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló lọ ní ọdún 2024, ó di 18 ní ọdún 2025. Gbọ̀ngàn tí ó gba 2,400 kò lè rí irú owó bẹ́ẹ̀ pa láéláé.

A kò sọ pé kí agbábọ́ọ̀lù má gba owó. Òógùn wọn ni wọ́n fi ń wá a, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ẹlòmíràn fi jẹ èrè rẹ̀. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé nígbà tí owó nìkan bá ti di ìdí tí àlejò fi ń wá, ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ́dún yẹn ni yóò ní iyì, iyì náà yóò sì ṣí lọ bí owó bá ti ṣí lọ.

Ohun tí a rí kọ́

Èkíní, ìdíje tí ó dúró lórí òpó kan ṣoṣo kò láàbò. Nígbà tí àlejò ṣì ń wọ́ wá ni ó yẹ kí onílé ti máa ri òpó kejì àti ẹ̀kẹta mọ́lẹ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, àwọn ará ìlú, àti owó tí kì í ti ọwọ́ ìjọba nìkan wá. Àwa tí a ń gbàlejò ìdíje NICEGA láàárín àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí ìnáwó ọdún kan bá kùnà, ìdíje ọdún yẹn wà nínú ewu.

Èkejì, òfin tí àwọn ẹlòmíràn ṣe lè gbẹ́mìí eré ìdárayá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò rẹ̀. Nígbà tí ìwé-ẹ̀rí NCE di èyí tó kéré jù tí olùkọ́ lè ní ní Nàìjíríà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni onípò kejì kógbá wọlé. A fara mọ́ ìpinnu náà nítorí ìmọ̀. Ṣùgbọ́n irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni Olajuwon ti wá, irú ìdíje tí wọ́n ń lọ ni ó sì gbé e jáde. Kò sí ẹni tí ó fi ìdíje sínú ìṣirò nígbà tí à ń ti ilẹ̀kùn wọn.

Ẹ̀kẹta, èrè tó tóbi jù nínú irú ìdíje wọ̀nyí ni ti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí ó rí ọ̀gá bá gbá a. Anchorage rí i, Chaminade rí i. Ìdíje tí ó bá ti àwọn kékeré síta kí ó lè dùn ún wò ti ń jẹ irúgbìn rẹ̀.

Ìkádìí

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. A ti fi hàn pé Dixie Classic kú nígbà tí gbọ̀ngàn ṣì ń kún, pé Holiday Festival rù títí ó fi ku orúkọ, pé Great Alaska Shootout lo bíi ogójì ọdún kí òpó rẹ̀ tó wó lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé Maui ti wà lójú ọ̀nà kan náà. Nínú mẹ́ta tó rù díẹ̀díẹ̀ yìí, kò sí èyí tí a lè sọ pé àìmọ̀-ọ́n-gbá àwọn ọ̀dọ́ ló pa á lára. Àwọn àgbà tí ń ṣe òfin, tí ń pín owó, tí ń yan ibi tí kámẹ́rà yóò kọjú sí, ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, a dábàá pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn àwọn ìdíje tí ó ti gbàlejò rí sílẹ̀: ọdún tí wọ́n wáyé, ẹgbẹ́ tí ó wá, ẹni tí ó borí, àti ẹni tí ó sanwó. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa yóò ti mọ òpó tí ìdíje wọn dúró lé, kí ó tó di pé ó yẹ̀.